Ilé Ìwòsàn Tí Ilẹ̀ Dán Wò Lẹ́ẹ̀mejì

Aago mẹ́fà àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1971, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ìhà àríwá Los Angeles ní ìpínlẹ̀ California. Kò pẹ́. Èyí tó le jù nínú mímì náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ. Ní ilé ìwòsàn Olive View tó wà ní àdúgbò Sylmar, abẹ́ ìbòrí kọnkéré kan ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ áńbúláǹsì sí. Ìbòrí náà wó lé àwọn ọkọ̀ yẹn lórí, ó tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ bí agolo tí táyà gùn. Ọkọ̀ tó yẹ kó sáré jáde lọ gbé àwọn tó fara pa nígboro, òun gan-an ló kọ́kọ́ fara gbá a.

Ìdí tí mo fi mú ilé ìwòsàn kan ṣoṣo yìí nínú gbogbo ilé tó wà ní Amẹ́ríkà ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ilẹ̀ dán an wò. Ọdún 23 ló wà láàárín ìdánwò méjèèjì, èsì wọn kò sì jọra. Láti ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ti ń náwó lórí ètò tí wọ́n fi fẹ́ dín jàǹbá ìmìtìtì ilẹ̀ kù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ètò náà ti ṣe, àti ibi tó há sí, kó wá wo Sylmar.

Òpó igun ilé

Ilé tuntun ni o. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n parí rẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí, òfin ilé kíkọ́ tó wà lóde nígbà náà ni wọ́n sì tẹ̀ lé. Wàhálà ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó fi sìmẹ́ǹtì du ilé. Ìwé òfin fúnra rẹ̀ ni kò tíì mọ ohun tó yẹ kó mọ̀.

Àgbékà márùn-ún ni ilé ńlá náà ní. Lókè, ògiri kọnkéré tó nípọn ló gbé e ró. Àmọ́ bí ògiri yẹn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n dá a dúró, òpó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kí àyè lè gba èrò. Ara le lókè, ẹsẹ̀ rọ̀ nísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wá ń fa irú ilé bẹ́ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, apá òkè á máa rìn lódindi bí àpótí, gbogbo títẹ̀ tó yẹ kó pín káàkiri ilé á sì wá kó sórí òpó ìsàlẹ̀ nìkan.

Ara òpó wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wà. Nínú òpó kọnkéré, irin gbọọrọ máa ń dúró lóòró, irin tẹ́ẹ́rẹ́ á wá yí wọn ká láti dì wọ́n pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ òpó Olive View, irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn yí po láti ìsàlẹ̀ dókè láìjá, bíi sípíríìngì. Nínú àwọn tó wà ní igun ilé, ńṣe ni wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n so ó lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àlàfo sì wà láàárín ìdè kan àti èkejì. Nígbà tí ilẹ̀ mì, kọnkéré tó bo ara òpó bó dànù lára oríṣi méjèèjì. Èyí tí irin wé bíi sípíríìngì di inú rẹ̀ mú. Ó tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù kò bọ́ lórí rẹ̀. Òpó igun fọ́ túútúú, irin inú rẹ̀ sì ta síta. Ilé kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, ìyàtọ̀ kò ju bí wọ́n ṣe wé irin lọ.

Ilé ńlá náà kò wó tán. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ilé gogoro mẹ́rin tí àtẹ̀gùn wà nínú wọn ló fara tì í. Mẹ́ta nínú wọn ya kúrò lára rẹ̀, wọ́n ṣubú. Ilé alágbèékà méjì tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn ọpọlọ pàdánù àgbékà ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, tòkè sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sórí ilẹ̀. Orí ló kó èèyàn yọ pé kò tíì sẹ́ni nísàlẹ̀ níbẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Èèyàn mẹ́ta ló kú ní Olive View. Méjì nínú wọn jẹ́ aláìsàn tí ẹ̀rọ ń bá mí: iná lọ, ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹnì kẹta jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí ilé wó lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn, nítorí òpó kò pa wọ́n, ògiri kò sì pa wọ́n. Ohun tó pa wọ́n ni nǹkan tí èèyàn kì í fojú rí nígbà tó bá ń wo ilé látìta. Mo máa padà sórí rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò jìnnà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé tó wó níbẹ̀ ti wà kí òfin ilé kíkọ́ tó mẹ́nu kan ìmìtìtì ilẹ̀ rárá. Àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní 40, nínú iye tó lé ní 60 tó kú lápapọ̀. Ìsédò Lower Van Norman náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya: erùpẹ̀ tó gbé e ró yọ̀ wọnú omi, ohun tó kù láàárín omi àti etí rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Wọ́n ní kí nǹkan bí 80,000 èèyàn tó ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀ kó jáde nílé títí omi á fi fà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé Washington

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. California ló kọ́kọ́ kọ́gbọ́n. Òfin kan jáde ní 1973, tí wọ́n fi orúkọ Alfred Alquist, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà, pè. Ohun tó sọ ni pé ilé ìwòsàn tuntun kò gbọdọ̀ wulẹ̀ dúró lásán lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mì. Ó gbọdọ̀ lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ayé ìgbà yẹn, ohun ńlá ni. Òfin tó de ilé yòókù kò bèèrè ju pé kí ilé má wó pa èèyàn. Bí ó bá dúró, tí wọ́n wá ní láti wó o lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òfin ti rí ohun tó fẹ́.

Ìjọba àpapọ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde. Ilẹ̀ ti mì ní Alaska ní 1964, ó wọn 9.2 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe tóbi tó, kò sì tíì sí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ó di ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 1977 kí Ààrẹ Jimmy Carter tó fọwọ́ sí òfin tó dá ètò àpapọ̀ sílẹ̀, èyí tí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ń pè ní NEHRP. Alan Cranston, sẹ́nétọ̀ láti California, wà lára àwọn tó gbé e lárugẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń retí lọ́wọ́ ètò yẹn nígbà náà yàtọ̀ sí ohun tí a rí lónìí. Àsọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń retí: pé lọ́jọ́ kan, wọ́n á máa sọ fún ará ìlú pé ilẹ̀ á mì ní Túsìdé. Ìrètí náà kò ṣàdédé wá. Ní 1975, ìjọba Ṣáínà ti kó èèyàn jáde nílé ní Haicheng kí ilẹ̀ tó mì, ẹ̀mí púpọ̀ sì yọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, ilẹ̀ mì ní Tangshan láìsí ìkìlọ̀ kankan, àwọn tó kú sì lé ní 240,000. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà dán tiwọn wò ní abúlé Parkfield ní California, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń mì ní nǹkan bí ọdún 22 síra wọn. Wọ́n kó ẹ̀rọ síbẹ̀, wọ́n ní kò ní kọjá 1993. Ọdún 1993 dé, ó lọ. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2004 ni ilẹ̀ Parkfield tó mì, kò sì sí ohun tí ẹ̀rọ rí ṣáájú tí wọ́n ì bá fi kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ìjákulẹ̀ yẹn ṣe ètò náà lóore. Ẹni tí kò lè mọ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ kò ní ṣe méjì ju kó gbálẹ̀ lójoojúmọ́.

Gbígbá ilẹ̀ yẹn pín sọ́wọ́ àjọ mẹ́rin. USGS ló ń ṣọ́ ilẹ̀, tó sì ń ya àwòrán ibi tí ewu wà. NSF ń fún àwọn olùwádìí ní yunifásítì lówó. NIST ń ṣe ìwádìí tó kan ilé àti ohun èlò, òun ló sì ti jẹ́ olórí láti 2004. FEMA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ jàǹbá, tó sì ṣe olórí ṣáájú, ló ń sọ ìmọ̀ di ìwé tí àwọn tó ń ṣòfin ilé kíkọ́ lè lò.

Lè lò, mo wí. Ètò náà kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìlú ni òfin ilé kíkọ́ wà ní Amẹ́ríkà. Àfi ilé tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ni Washington lè fi dandan mú. Ìlú tí kò bá wù kò gbọ́. Ìlú tó bá sì gbọ́, ilé tí wọ́n máa kọ́ lọ́la ló ń gbọ́ fún. Èyí tó ti wà nílẹ̀ láti àná ṣì wà bó ṣe wà.

Omi

Wọ́n wó Olive View dànù, wọ́n sì kọ́ òmíràn síbẹ̀, alágbèékà mẹ́fà, tí wọ́n ṣí láàárín àwọn ọdún 1980. Wọn kò fi ṣeré lọ́tẹ̀ yìí. Ògiri kọnkéré ló gbé ìsàlẹ̀, ògiri irin pẹlẹbẹ ló gbé òkè, gbogbo rẹ̀ le bí eegun ẹṣin. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wọn mímì sí ìsàlẹ̀ àti òrùlé.

Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1994, aago mẹ́rin ààbọ̀ òru. Ilẹ̀ mì ní Northridge, kò jìnnà sí Sylmar rárá. Ó wọn 6.7. Èèyàn 57 ni ìjọba kà pé ó kú, ilé àti ọ̀nà tó bàjẹ́ sì lé ní bílíọ̀nù 20 dọ́là.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ Olive View kọ sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, agbára mímì náà jẹ́ 0.91 nínú ìdíwọ̀n tí wọ́n fi agbára òòfà ilẹ̀ ṣe. Ní òrùlé, ó jẹ́ 2.31. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òrùlé ń fà lọ fà bọ̀ pẹ̀lú agbára tó ju ìlọ́po méjì èyí tí ilẹ̀ fi ń fa èèyàn mọ́ra. Díẹ̀ ni ilé tó tíì rí irú rẹ̀ rí tí ẹ̀rọ sì wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Ilé náà dúró gbọin. Òpó kò fọ́. Àwọn ẹnjiníà tó ya àwòrán rẹ̀ ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe.

Síbẹ̀, wọ́n kó aláìsàn jáde nínú rẹ̀ lọ síbòmíràn. Kí ló dé? Omi ni.

Nínú àjà ilé ìwòsàn, lókè orí nọ́ọ̀sì àti aláìsàn, páìpù ló kún ibẹ̀: ti omi tó ń pa iná, ti omi tútù tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, ti afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń mí. Páìpù rọ̀ mọ́ kọnkéré òkè, pátákó àjà náà sì rọ̀ mọ́ irin tirẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Orí ẹ̀rọ apaná gba ihò kékeré kan láàárín pátákó yọ sísàlẹ̀. Bí ilé bá mì, páìpù á fì sápá kan, pátákó á fì sápá kejì, etí ihò kékeré yẹn á sì máa gbá orí ẹ̀rọ náà títí yóò fi kán. Ibi tó bá ti kán, omi tó wà níbẹ̀ láti pa iná á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láìsí iná kankan. Ó ń ṣàn wọ yàrá, ó ń ṣàn wọnú ẹ̀rọ, ó ń gba ihò líìfù lọ sísàlẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú òfin pé kó lè máa bá iṣẹ́ lọ kò lè bá iṣẹ́ lọ, nítorí nǹkan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan nínú owó ilé.

Ibí yìí ni mo fi àwọn méjì tó kú ní 1971 sí. Òpó kọ́ ló pa wọ́n. Iná tó lọ ni. Ọdún 23 lẹ́yìn rẹ̀, òpó ti gbọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó rọ̀ mọ́ òpó kò tíì gbọ́n tó o.

Ilé ìwòsàn mìíràn wà ní Los Angeles lọ́jọ́ yẹn tó sọ ìtàn tó yàtọ̀. Ti yunifásítì USC ni, alágbèékà mẹ́jọ, kò sì sún mọ́ orísun mímì náà bí Olive View. Orí nǹkan bíi tìmùtìmù rọ́bà, tí irin pẹlẹbẹ wà láàárín rẹ̀, ni wọ́n gbé e kà, láàárín ìpìlẹ̀ àti ilé, kí ilẹ̀ lè máa lọ kí ilé má tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ tó yí i ká mì ní 0.49. Òrùlé rẹ̀ kò ju 0.21 lọ. Ẹ ò rí i: ní Olive View, mímì ń pọ̀ sí i bó ṣe ń gòkè, ní USC, ó ń dín kù. Ilé ìwòsàn USC kò dá iṣẹ́ dúró. Ilé tó le àti ilé tó ń yẹ̀ fún ìjà, àwọn méjèèjì yè é, ọ̀kan ló ṣì ń tọ́jú aláìsàn.

Northridge tún tú àṣírí mìíràn. Àwọn ilé gogoro tí wọ́n fi irin kọ́, tí gbogbo ayé gbà pé wọ́n lè tẹ̀ láìṣẹ́, wọ́n dúró gẹ́gẹ́ bí ìrètí. Nígbà tó yá, àwọn kan ṣí ohun tí wọ́n fi bo irin nítorí iná, wọ́n sì rí i pé ibi tí àwọn ajórin ti jó igi àjà mọ́ òpó ti sán. FEMA náwó sí ìwádìí tó gba ọdún mélòó kan, ìlànà tuntun sì jáde ní 2000. Iṣẹ́ tí ètò àpapọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn: jàǹbá ṣẹlẹ̀, wọ́n wádìí, wọ́n kọ ìwé, òfin yí padà. Kò sí ìlú kan tó lè dá irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ gbé, àwọn ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ wọn kì í mì lemọ́lemọ́ kò sì ní dá a láṣà láéláé.

2030

Ọdún tí Northridge mì náà ni California ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní SB 1953 (nọ́ńbà òfin ni 1953 yẹn, kì í ṣe ọdún). Òfin ti Alquist kan ilé tuntun nìkan. Èyí wá kan gbogbo ilé ìwòsàn tó wà nílẹ̀. Ìpele méjì ló pín sí. Ìkínní, kí ilé má wó pa èèyàn. Ìkejì, pé tó bá fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2030, ilé ìwòsàn gbọdọ̀ lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀: kí ohun inú rẹ̀ wà ní dídè, kó sì ní omi, ibi tí ìdọ̀tí á gbà, àti epo tirẹ̀ fún wákàtí 72.

Wákàtí 72 yẹn wù mí. Àwọn tó kọ ọ́ gbà pé lẹ́yìn mímì ńlá, ẹ̀rọ omi ìlú á dákẹ́, iná á lọ, ọ̀nà á dí, ẹnikẹ́ni kò sì ní dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kò tan ara wọn jẹ.

Ṣùgbọ́n owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere. Àjọ olùwádìí RAND ṣe ìṣirò ní 2019 pé ohun tí òfin 2030 máa ná àwọn ilé ìwòsàn California wà láàárín bílíọ̀nù 34 sí bílíọ̀nù 143 dọ́là. Àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì nìkan tó láti da oorun mọ́ni lójú. Àwọn tó ni ilé ìwòsàn ní àwọn kò lè rí i san, pé àwọn kan á ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn nọ́ọ̀sì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ó ti pé 30 ọdún tí ẹ ti mọ̀. Ẹjọ́ àwọn méjèèjì ni mo gbọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ilé ìwòsàn ìgbèríko kan ṣoṣo tó bá tì nítorí òfin ìmìtìtì ilẹ̀ á pa èèyàn lọ́nà mìíràn, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lóru kò ní rí ibi gbé e lọ. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ń fún láyè lọ́dọọdún kì í múra. Wọ́n ti sún àwọn gbèdéke ìpele àkọ́kọ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2024, Gómìnà Gavin Newsom fọwọ́ sí òfin tó fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké àti ti ìgbèríko láyè sí i, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ sí èyí tí ì bá fún ọ̀pọ̀ láyè.

Níbo wá ni ìjọba àpapọ̀ wà nínú èyí? Òṣù Kejìlá 2018 ni àwọn aṣòfin tún òfin 1977 ṣe. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n wá ní kí NIST àti FEMA kó àwọn onímọ̀ jọ láti sọ ohun tí èèyàn lè ṣe kí ilé má kàn dúró lásán, kí ó ṣe é wọ̀ padà, kí iṣẹ́ inú rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ láàárín àkókò tí wọ́n ti dá. Àbọ̀ wọn jáde ní oṣù Kìíní 2021. Ohun tí California ń sọ nípa ilé ìwòsàn láti 1973 ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ nípa ilé gbígbé, ilé ìwé, ẹ̀rọ omi àti iná. Sylmar ti dé Washington lẹ́ẹ̀kejì.

Owó tí wọ́n kọ sínú òfin 2018 yẹn fún àjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 152 dọ́là lọ́dún. USGS ló gba èyí tó pọ̀ jù, nǹkan bí mílíọ̀nù 83. NIST tó jẹ́ olórí kò gbà tó mílíọ̀nù 6. Olórí ẹbí tí àpò rẹ̀ kéré ju ti gbogbo àbúrò lọ, bóyá ni ẹbí á gbọ́ tirẹ̀. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tí FEMA àti USGS fúnra wọn gbé jáde ní 2023: bí wọ́n bá pín àdánù ìmìtìtì ilẹ̀ sí ọdọọdún, bílíọ̀nù 14.7 dọ́là ni Amẹ́ríkà ń pàdánù lára ilé àti ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìlọ́po ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ láti fi dènà rẹ̀.

Gbèdéke owó inú òfin yẹn parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2023. Ètò kò kú, torí wọ́n lè máa fi owó sí i nínú ìṣúná ọdọọdún, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun láti ọwọ́ dé ẹnu kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹrin 2025, FEMA tún kéde pé òun ti fòpin sí BRIC, owó ìrànwọ́ tí ìpínlẹ̀ àti ìlú fi ń tún nǹkan ṣe kí jàǹbá tó dé. Àwọn ìpínlẹ̀ 20 gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù Keje ọdún yẹn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ ń pọ̀ sí i bí owó ṣe ń dẹ́rù bani. Àwòrán ewu tí USGS gbé jáde ní 2024 fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin orílẹ̀-èdè náà ni ilẹ̀ rẹ̀ lè mì débi tí ilé á bàjẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ California nìkan mọ́.

Àwọn kan á ní ṣebí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ti wà. Ó wà, ó sì dára. ShakeAlert bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí fóònù ará ìlú ní California ní oṣù Kẹwàá 2019, ní ìpínlẹ̀ Oregon àti ìpínlẹ̀ Washington ní 2021. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì níbì kan, ẹ̀rọ tó wà nítòsí á gbọ́ ọ, iṣẹ́ tó rán á sì sáré ju mímì náà lọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tó wà lókè orísun rẹ̀ gan-an kò ní rí ìkìlọ̀ gbà, tàbí kó rí i nígbà tí àwo ti ń fọ́. Sylmar ní 1971 wà nítòsí orísun. Ẹ̀rọ yẹn kì bá tí gba ẹnikẹ́ni là ní Olive View. Ó lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró níbòmíràn, ó lè mú kí dókítà gbé ọ̀bẹ kúrò lára aláìsàn, ṣùgbọ́n kò lè di páìpù mú.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé inú ilé ni mo ti ń wá ọjọ́ iwájú ètò yìí. Ní 2012, ní yunifásítì California ní San Diego, wọ́n kọ́ ilé alágbèékà márùn-ún sórí tábìlì ńlá tó ń mì, wọ́n ṣètò àwọn yàrá kan nínú rẹ̀ bíi ti ilé ìwòsàn, pẹ̀lú líìfù, àtẹ̀gùn, páìpù àti pátákó àjà. Wọ́n mì í lórí tìmùtìmù rọ́bà, wọ́n tún mì í láìsí i, kí wọ́n lè rí ohun tó ń kán àti ohun tó ń dúró. Owó NSF wà nínú rẹ̀. Olùwádìí tó lọ wo orí ẹ̀rọ apaná nínú ilé tí kò ní aláìsàn, ó ń ṣe ohun tí Olive View ṣe ní 1994, àmọ́ láìsí ẹni tí wọ́n ní láti gbé jáde.

Ohun tó kù kò lẹ́wà, kò sì ṣe é yà ní fọ́tò. Los Angeles ṣe òfin ní 2015 pé kí wọ́n fi irin gbé ẹsẹ̀ nǹkan bí 13,000 ilé onígi tó rọ̀ nísàlẹ̀ ró, irú èyí tó wó pa èèyàn 16 ní Northridge Meadows ní 1994. Àìsàn ẹsẹ̀ kan náà tí Olive View ní ní 1971 ni, nínú ilé onígi. Nínú àwọn ilé ìwòsàn, gbèdéke 2030 ti sún mọ́. Ẹnì kan á gbé àkàbà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru, nígbà tí aláìsàn bá ń sùn, á ṣí pátákó àjà kan, á ti orí bọ inú òkùnkùn ibẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, á fi irin há páìpù mọ́ kọnkéré kó má lè fì mọ́, á dá pátákó padà, á sì sún àkàbà síwájú.